Dókítà Eugène Jamot, Oníṣègùn Àwọn Ará Oko

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi, lára ohun tí irú ìwé ọdọọdún yìí wà fún ni kí a máa pìtàn ẹnì kan tí ó ti papòdà, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì lè la ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú lójú. Ẹni tí a mú wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Òyìnbó ará Faransé ni, iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni èyí tí ó ṣe ní Kamẹrúùnù, ilẹ̀ tí ó bá Nàìjíríà pààlà ní ìhà ìlà-oòrùn. Àwọn kan lè béèrè ohun tí ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó kàn wá ni pé nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ ìlera bá délẹ̀ nínú ìpàdé, ilé kíkọ́ ni ọkàn wa kọ́kọ́ máa ń sáré lọ bá: kí a kọ́ ilé ìwòsàn, kí a kùn ún ní ọ̀dà, kí a pe àwọn ènìyàn pàtàkì wá ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa tí ń bẹ ní abà, tí ibà ti dá wólẹ̀, kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé náà. Dókítà Jamot yí ètò yìí padà. Ó di ilé ìwòsàn sínú àpótí, ó gbé e ru àwọn aláàárù, ó sì lọ bá aláìsàn ní abúlé rẹ̀. Ire tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde pọ̀ jọjọ, ibi tí ó ti inú rẹ̀ jáde kò sì kéré. A ó sọ méjèèjì, nítorí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ náwó lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì.

A bí Eugène Jamot ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1879, ní agbègbè Creuse, ní àárín ilẹ̀ Faransé. Ilẹ̀ Creuse kò lọ́ràá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń fi oko sílẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Páríìsì, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ìdálẹ̀ ti ń ṣe. Ìdílé àgbẹ̀ ni ti Jamot. Ó kàwé, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Algiers ní Àríwá Áfíríkà, kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Montpellier. Ọdún 1908 ni ó gba oyè dókítà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣe dókítà fún ìgbà díẹ̀ ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Sardent, nítòsí ilé bàbá rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ ìlú yìí, nítorí ibẹ̀ náà ni ìtàn rẹ̀ yóò parí sí. Kò pẹ́ tí ó fi wọ iṣẹ́ àwọn dókítà ológun tí ìjọba Faransé ń rán sí àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ní 1911 wọ́n sì rán an lọ sí Ouaddaï ní ilẹ̀ Ṣáàdì. Nígbà tí ó ti ibẹ̀ dé, ó wọ Ilé Ẹ̀kọ́ Pasteur ní Páríìsì láti kọ́ nípa àìsàn kan ṣoṣo, èyí tí òun àti orúkọ rẹ̀ kò tún ní pínyà mọ́ títí ayé: àrùn oorun.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ ṣàlàyé àrùn yìí fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Eṣinṣin kan tí a ń pè ní tsetse, tí ó fẹ́ràn etí odò àti ibi tí igbó ti ṣíji bo omi, ni ó ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Bí ó bá ti ta ènìyàn, kòkòrò tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí a wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibà a máa wá, a máa lọ. Orí a máa fọ́ni. Kókó a yọ ní ọrùn. Aláìsàn sì lè máa rìn kiri fún oṣù púpọ̀, àní fún ọdún, kí ó máa rò pé ibà ojoojúmọ́ ni. Nígbà tí kòkòrò náà bá wọ inú ọpọlọ ni nǹkan tó dé ojú rẹ̀. Ẹni pẹ̀lẹ́ a di oníjà, ẹni tí orí rẹ̀ pé a máa sọ ìsọkúsọ, oorun a máa gbé e lọ ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́, kò sì ní rí oorun sùn lóru. A rù, kò ní lè dìde mọ́, a sì kú. Ní àwọn ọdún wọnnì, ẹni tí a kò bá tọ́jú kì í sábà yè é.

Àìsàn náà ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn òyìnbó wọ àárín Áfíríkà ni ó ràn bí iná ọyẹ́. Wọ́n ń kó ènìyàn láti ilẹ̀ kan dé èkejì láti ru ẹrù, wọ́n ń lé wọn wọ igbó lọ kọ rọ́bà, ogun ń tú àwọn abúlé ká. Aláìsàn àti aláìlera pọ̀ lójú ọ̀nà, eṣinṣin sì ń bá wọn lọ. Ní Ùgáńdà nìkan, láàárín ogún ọdún àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún ogún, ó lé ní 200,000 ènìyàn tí àrùn oorun pa. A ní láti rántí èyí dáadáa: ìjọba tí ó rán Jamot lọ wo àìsàn náà wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà fún un.

Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, Jamot bá àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Kamẹrúùnù, tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì nígbà náà. Ní 1916, tí àwọn Jámánì ti kúrò níbẹ̀, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn. Ìpín ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi mọ́ Nàìjíríà. Ọdún náà ni wọ́n fi Jamot ṣe olórí Ilé Pasteur ní Brazzaville. Ẹlòmíràn ìbá ti jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ó máa fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbé wá bá a. Ṣùgbọ́n Jamot rí i pé àwọn tí ń dé ilé ìwòsàn jẹ́ àwọn tí àìsàn ti wọ̀ ní ọpọlọ, tí ìrànlọ́wọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tí ó ṣì ṣeé wò sàn wà lóko wọn, wọ́n ń roko, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àìsàn ń ṣe wọ́n. Eṣinṣin sì ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn lójoojúmọ́, ó ń gbé e fún ọmọ àti aya wọn. Nítorí náà, ìrònú rẹ̀ rọrùn láti sọ, ó sì nira láti ṣe: kí a wá gbogbo ènìyàn lọ, abúlé dé abúlé, kí a yẹ olúkúlùkù wò, kí a sì fún gbogbo ẹni tí kòkòrò bá wà lára rẹ̀ ní oògùn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn bá mọ́, eṣinṣin kò ní rí nǹkan gbé kiri mọ́.

Láti 1917 dé 1919 ni ó fi èrò yìí wò ní ilẹ̀ Ubangi-Chari, tí ó di Central African Republic lónìí. Òun àti ẹgbẹ́ kékeré kan rìn láti abúlé dé abúlé, wọ́n yẹ bí 90,000 ènìyàn wò, wọ́n sì rí aláìsàn tí ó lé ní 5,000 láàárín wọn. Àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni ì bá kú sínú igbó láìsí ẹni tí yóò mọ ohun tí ó pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ìránṣẹ́ yóò ti ṣáájú lọ sọ fún baálẹ̀ pé ẹgbẹ́ oníṣègùn ń bọ̀ lọ́jọ́ báyìí. Nígbà tí wọ́n bá dé, wọn a tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi tàbí sábẹ́ àtíbàbà, wọn a to awò wọn sí i. Akọ̀wé a jókòó síwájú pẹ̀lú ìwé orúkọ, a pe olúkúlùkù lórúkọ. Ẹni tí a bá pè a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tí ń fi ọwọ́ yẹ ọrùn wò. Bí kókó bá wà níbẹ̀, wọn a fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹni tí ó wà nídìí awò a sì wò ó. Bí wọn kò bá rí nǹkan, wọn a gba ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá rí kòkòrò, wọn a fi ẹfun kọ àmì sí àyà onítọ̀hún kí ó má baà sọnù sáàárín èrò, wọn a gba omi láti inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá àìsàn ti dé ọpọlọ, wọn a wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, nítorí bí ènìyàn bá ti wúwo tó ni oògùn rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó, wọn a sì gún un lábẹ́rẹ́. Iṣẹ́ ẹnì kan kò wọ inú ti ẹnì kejì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń yẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn wò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n tó di ẹrù wọn, kí wọ́n sì mú ọ̀nà abúlé tí ó kàn pọ̀n.

Ọdún 1922 ni Jamot padà sí Kamẹrúùnù láti gbógun ti àrùn oorun. Ayos ni ó fi ṣe ibùjókòó, ní etí odò Nyong, níbi tí àwọn Jámánì ti kọ́ àgọ́ sí fún àwọn aláìsàn yìí kí ogun tó dé. Ipò tí ó bá ilẹ̀ náà bani lẹ́rù. Ní àwọn abúlé kan ní agbègbè odò Nyong, ó ju ìdajì àwọn ènìyàn lọ tí àìsàn náà wà lára wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó, owó kò sì tó. Ó kọ̀wé, ó tún kọ̀wé, ó lọ sí Páríìsì lọ ké sí àwọn aláṣẹ, ó sì bá àwọn gómìnà ṣe gbólóhùn asọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí iṣẹ́ àrùn oorun dá dúró, kí ó ní owó tirẹ̀ àti òṣìṣẹ́ tirẹ̀, kí gómìnà kankan má lè pàṣẹ fún un. Ní 1926 wọ́n gbà fún un. Láàárín ọdún díẹ̀, dókítà tí ó ju mẹ́wàá lọ wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn olùrànlọ́wọ́ òyìnbó àti bí 400 nọ́ọ̀sì ọmọ Áfíríkà.

Àwọn ìwé kan kì í sọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyí, a kò sì gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin Kamẹrúùnù ni wọ́n, Ayos ni wọ́n sì ti kọ́ wọn. Àwọn ni wọ́n ń yẹ ọrùn wò, tí wọ́n ń wo awò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́, tí wọ́n sì gbọ́ èdè àwọn tí wọ́n ń tọ́jú. Dókítà òyìnbó kan lè ṣí lọ, kí òmíràn sì dé. Àwọn ni wọ́n mọ ọ̀nà. Lójú tèmi, bí ẹnikẹ́ni bá yẹ fún oyè nínú iṣẹ́ yìí, àwọn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi í dá lọ́lá.

Nísinsìnyí a dé orí ọ̀rọ̀ oògùn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ àánú ti wọlé. Oògùn tí Jamot kọ́kọ́ ní ni Atoxyl. Ó wúlò nígbà tí kòkòrò bá ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ ọpọlọ, Atoxyl kò lè lé e bá. Oògùn tí ó ṣe èyí ti ilé ìwádìí kan ní New York wá, tí John D. Rockefeller, ọlọ́rọ̀ epo rọ̀bì, fi owó ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1901. Ní 1919 ni àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ṣe oògùn tí wọ́n pè ní tryparsamide, ní 1920 wọ́n sì rán obìnrin dókítà kan, Louise Pearce, lọ sí Léopoldville ní Kóńgò ti àwọn ará Belgium láti dán an wò lára àwọn aláìsàn 77. Àwọn tí oorun ti gbé lọ jí, wọ́n jẹun, wọ́n sì padà mọ ará ilé wọn. Owó ìtọrẹ ènìyàn kan ní Amẹ́ríkà ni ó wá sọjí ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ní igbó Áfíríkà, àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri Jamot ni wọ́n sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ṣùgbọ́n Pearce fúnra rẹ̀ ti rí i, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, pé bí oògùn náà bá pọ̀ jù, ó lè ba ojú jẹ́. Kì í sì ṣe pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ tuntun. Ní Ùgáńdà ní 1906 àti 1907, Robert Koch, àgbà onímọ̀ ará Jámánì, ti fi kún ìwọ̀n Atoxyl, àwọn aláìsàn kan sì ti fọ́ lójú títí ayé.

Iṣẹ́ náà gbilẹ̀. Láàárín 1926 sí 1931, àwọn ẹgbẹ́ Jamot rí aláìsàn tí ó lé ní 100,000 ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì tọ́jú wọn. Ní àwọn abúlé tí àìsàn ti mú ìdajì ènìyàn tẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n bá padà dé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìwọ̀nba aláìsàn tuntun ni wọ́n ń rí. Òkìkí Jamot kàn dé Yúróòpù. Àwọn kan tilẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Bí a bá dúró síbí yìí, ìtàn náà yóò dùn, kò sì ní jẹ́ òtítọ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fi ayọ̀ jáde nígbà tí ẹgbẹ́ oníṣègùn bá dé. Ìjọba amúnisìn ni ó pàṣẹ, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Baálẹ̀ tí kò bá kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde yóò jìyà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rin ìrìn-àjò gbọ́dọ̀ mú ìwé àyẹ̀wò dání. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn náà dunni wọ egungun. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìdílé odindi a máa sá wọ igbó bí wọ́n bá ti gbọ́ pé àwọn ẹlẹ́ru awò ń bọ̀. Kò sí ẹni tí ó jókòó ti àwọn àgbà láti bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí sí ọ̀rọ̀ náà. Jamot jẹ́ ọmọ ìgbà rẹ̀. Ó gbàgbọ́ pé ohun rere ni òun gbé wá, pé ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Bafia ni àbùkù yìí ti bọ́ sí gbangba. Ìlú kan ni ní àríwá Yaoundé, ní ibi tí àrùn oorun ti pọ̀. Ọ̀dọ́ dókítà kan ni wọ́n fi síbẹ̀, ó sì jìnnà sí ibi tí ọ̀gá wà. Dókítà yìí, bóyá pẹ̀lú èrò pé bí oògùn bá pọ̀ ni ìwòsàn yóò yá, sọ ìwọ̀n tryparsamide di ìlọ́po méjì àti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì gún un bí a ti pàṣẹ fún wọn. Àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ojú àwọn ń ṣú. Abẹ́rẹ́ kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí àṣírí náà fi tú ní 1930, bí 700 ènìyàn ni ojú wọn ti fọ́ tàbí tí ó ti bàjẹ́ gidigidi. Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò: àgbẹ̀ tí ó wọlé wá pẹ̀lú kókó kan lọ́rùn, tí ó ríran rí oko rẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n pè lórúkọ, tí wọ́n kọ ẹfun sí láyà, tí kò sì lágbára láti kọ̀, láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ rẹ̀ ni ó ń fi ọ̀pá fà á kiri. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ èyí wò yóò rí i pé ètò náà gan-an ni ó ní àléébù. Ìwé orúkọ wà, ìwé iye abẹ́rẹ́ wà, ìwé iye aláìsàn wà. Ohun tí kò sí ni ọ̀nà tí ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú yóò gbà fi ohùn rẹ̀ dé etí ẹni tí ó lè dá abẹ́rẹ́ dúró.

Jamot yọ ọ̀dọ́ dókítà náà kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni olórí, orí rẹ̀ sì ni ẹ̀bi já lé. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó mọ̀, kò sì tètè wí fún ìjọba. Àwọn gómìnà tí ó ti bá jà nítorí owó kò ní gbàgbé. Ní 1931, lẹ́yìn tí ó lo ìsinmi rẹ̀ ní Faransé, ó wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Kamẹrúùnù. Ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Dakar, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì fi sí àtìmọ́lé. Kò tún ṣe olórí iṣẹ́ ní Kamẹrúùnù mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ pé wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn jẹ ẹ́ níyà. Ìdájọ́ tèmi kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá jà fitafita kí iṣẹ́ kan má sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni bí kò ṣe òun nìkan kò lè wí pé òun kọ́ ni nígbà tí iṣẹ́ náà bá fọ́ni lójú. Síbẹ̀, ó dunni pé àwọn aláṣẹ tí wọ́n fi ojú fo ikú ẹgbàágbèje nígbà tí àwọn ènìyàn ń kọ rọ́bà ni wọ́n jókòó ṣe ìdájọ́ rẹ̀.

Ní 1932 wọ́n rán an lọ sí Ouagadougou, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bùrùkínà Fasò lónìí, láti wá àrùn oorun rí ní àwọn ilẹ̀ Faransé ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ rò pé àìsàn náà kò tó nǹkan lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ó fi di 1935, ó ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ó lé. Ó tún bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ náà dá dúró. Wọn kò gbà, wọ́n sì dá a padà sílé. Ó padà sí Sardent, ìlú kékeré tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ó tún ń tọ́jú àwọn ará abúlé. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1937, ó kú níbẹ̀ lójijì, ní ẹni ọdún 57.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ohun tí ó ti béèrè. Ní 1939, wọ́n fi Dókítà Gaston Muraz ṣe olórí iṣẹ́ àrùn oorun tí ó dá dúró, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Bobo-Dioulasso, ilẹ̀ Dahomey sì wà nínú agbègbè rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, wọn kò fi mọ sí àrùn oorun mọ́. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ àti ìgbóná kún un. Bí iṣẹ́ tí Jamot bẹ̀rẹ̀ ti dé ilẹ̀ tí àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ń gbé nìyẹn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ àlejò pátápátá. Ní 1960, tí àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí gba òmìnira, àrùn oorun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

Ìròyìn kan tí kò dùn tún wà tí ìran wa ni ó gbọ́ ọ. Ní ayé ìgbà náà, abẹ́rẹ́ kò pọ̀ tó èrò, wọ́n sì ń fi ọ̀kan náà gún ọ̀pọ̀ ènìyàn, láìsè é dáadáa láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà wò ní Kamẹrúùnù àti ní àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká ti rí i pé àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis C wọ́pọ̀ láàárín wọn, wọ́n sì gbà pé irú àwọn abẹ́rẹ́ gbogbogbòò wọnnì ni ó tàn án ká. Àwọn tí wọ́n gba ẹ̀mí là lọ́wọ́ oorun gba òmíràn sára láìmọ̀.

Bí àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri ti túká lẹ́yìn òmìnira, tí ogun sì dé sí Kóńgò, Sudan àti Angola, àrùn náà jí dìde. Ní 1998, àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40,000, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rí sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ni wọ́n kọ́kọ́ sáré jáde. Láti 1986 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí a ń pè ní Médecins Sans Frontières ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé awò àti oògùn kiri abúlé ní Moyo ní Ùgáńdà, owó tí àwọn ènìyàn lásán dá ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ẹgbẹ́ náà wà lára àwọn tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 2003, tí kì í wá èrè, láti ṣe oògùn fún àwọn àìsàn tí olówó kò bìkítà fún. Láti ọwọ́ rẹ̀ ni oògùn oníhóró kan, fexinidazole, ti jáde ní 2018. Láti ọdún náà, àwọn aláìsàn tí a ń rí lọ́dún kan kò tó 1,000 ní gbogbo Áfíríkà. Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Tógò ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí àrùn oorun kò jẹ́ ìṣòro fún gbogbo ènìyàn mọ́. Benin tẹ̀ lé e ní 2021.

Ère Jamot wà ní Yaoundé, níwájú ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ìlera. Ṣùgbọ́n ní Kóńgò ni ẹni tí ó bá fẹ́ rí iṣẹ́ rẹ̀ lónìí yóò ti rí i. Alùpùpù ni àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń gùn wọ abúlé dípò aláàárù, ọmọ ilẹ̀ náà sì ni wọ́n. Wọ́n a tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi, wọ́n a pe orúkọ. Abẹ́rẹ́ tuntun ni wọ́n ń tú fún olúkúlùkù, ẹni tí kò bá fẹ́ lè padà sílé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a bá rí kòkòrò lára wọn ni a kì í gún lẹ́yìn mọ́. Oògùn oníhóró ni wọ́n ń gbé lọ sílé, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n sì fi ń lò ó, lẹ́yìn oúnjẹ, níṣojú ẹnì kan tí yóò máa béèrè lọ́wọ́ wọn bí ara wọn ti rí.